Òfin Mọ́kànlélógójì fún Ẹni Tó Bá Ń Kí Aláìsàn

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tí gbogbo wa ti mọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo fi ohunkóhun pamọ́. Bí ẹ bá fẹ́ lọ kí aláìsàn ní ọsibítù, ẹ fọ ọwọ́ yín kí ẹ tó wọlé. Bí ẹ bá ń wúkọ́, ẹ jókòó sílé. Ẹ má jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ẹ bi nọ́ọ̀sì kí ẹ tó fún un ní nǹkan jẹ. Ẹ má pẹ́ jù, ẹ má sì sọ ìtàn ẹni tí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ pa fún un, kódà bí ìtàn náà bá dùn. Ó parí. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló kọ ọ́ sára páálí báyìí, tó kàn án mọ́ ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin. Ọdún mọ́kànlá ni páálí náà fi wà níbẹ̀, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà.

Àfi ìgbà tí wọ́n gbé ọ̀gá kan dé.

Oyè tí wọ́n fún un ni Ọ̀gá Àgbà Pátápátá fún Ètò Ìbẹ̀wò, Ìwà Àlejò àti Ọ̀wọ̀ Ẹnu Ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀, ilẹ̀kùn ò gbà á, wọ́n parí rẹ̀ sára ògiri. Àwọn tó ń nu ilẹ̀ ò ráyè gbogbo ìyẹn. Baba Òfin ni wọ́n ń pè é, lẹ́yìn rẹ̀ ni o, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí páálí yẹn, ó dúró níwájú rẹ̀, ó fi ọwọ́ sẹ́yìn, ó kà á, ó sì rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ọmọdé bú.

"Ẹ fọ ọwọ́ yín," ó ní. "Ṣé irú ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ilé ìwòsàn ńlá máa sọ nìyí? Ọ̀rọ̀ ilé ìdáná!"

"Ilé ìdáná gan-an ni, sà," ni akọ̀wé rẹ̀ dá a lóhùn. Akọ̀wé yìí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọ̀gá balẹ̀ kó tó gbé e.

"Ibo ni iyì wà nínú rẹ̀?"

"Kò sí níbẹ̀, sà. Mo ti wá a títí."

Wọ́n yọ páálí náà. Baba Òfin wá ti ara rẹ̀ mọ́ ọ́fíìsì fún oṣù mẹ́rin. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má rìn kọjá níbẹ̀ pẹ̀lú bàtà tó ń dún. Nígbà tó jáde, ìwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó nípọn tó búrẹ́dì, fọ́tò rẹ̀ sì wà níwájú àti lẹ́yìn. Òfin mọ́kànlélógójì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kankan nínú wọn ò sì dárúkọ ọṣẹ.

Mi ò ní í ka gbogbo rẹ̀ fún yín, mo ṣì fẹ́ kí ẹ bá mi dé òpin. Òfin kìn-ín-ní ní kí àlejò dúró níwájú fọ́tò Ọ̀gá Àgbà, kó kí i, kó tó máa ronú nípa aláìsàn. Òfin kẹfà ní kí àlejò kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn láti ẹnu ọ̀nà títí tí yóò fi jáde, kó má baà fọwọ́ kan dúkìá ilé ìwòsàn. Òfin kejìlá ní kó rẹ́rìn-ín músẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta: bó bá wọlé, bó bá dé ìdajì ìbẹ̀wò, àti bó bá ń lọ. Òfin kẹtàdínlógún ní kí àlejò má béèrè ìbéèrè kankan, torí pé ìbéèrè jẹ́ àrífín sí àwọn tó ti kọ ìdáhùn sílẹ̀. Òfin kọkàndínlọ́gbọ̀n wá ní ẹni tó bá fẹ́ sunkún, kó kọ lẹ́tà ní ẹ̀dà méjì, kó sì dúró de èsì.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kó ìwé náà jáde, ọ̀gá sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì. "Kí ni àìsàn?" ó ní. "Àìsàn kì í ṣe nǹkan kan! Dókítà ń tọ́jú àìsàn, kò burú. Nọ́ọ̀sì ń gún abẹ́rẹ́, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló ń tọ́jú ìbẹ̀wò? Ta ló gbé ìbẹ̀wò kúrò nínú òkùnkùn wá sínú ìmọ́lẹ̀? Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ ara mi."

"Ẹ sọ ọ́, sà!" ni gbogbo gbọ̀ngàn pariwo. Ó sì sọ ọ́.

Ẹ tún gbọ́ eléyìí. Wọ́n ṣe yàrá ìdánwò sí ẹ̀gbẹ́ géètì. Wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì kan sí i, wọ́n sì tẹ́ ìrọ̀rí kan sórí rẹ̀, wọ́n da aṣọ bò ó títí dé àyà. Ìrọ̀rí yẹn ni aláìsàn. Ẹni tó bá fẹ́ rí èèyàn rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí ìrọ̀rí náà bí ìwé ṣe wí, olùdánwò mẹ́ta yóò máa wò ó. Bó bá yege, wọ́n á fún un ní káàdì tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí. Bí kò bá yege, kó padà wá lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Mo mọ bàbá kan tó yege pẹ̀lú máàkì tó ga jù lọ, ṣùgbọ́n kó tó gba káàdì, wọ́n ti ní kí ọmọ rẹ̀ máa lọ sílé, ara rẹ̀ ti yá.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí nígbà tí wọ́n gbé káfíńtà kan wá.

Ìṣó ló gún un lẹ́sẹ̀. Ìṣó kékeré ni, ṣùgbọ́n bàbá náà ní ìtọ̀ ṣúgà, egbò náà ò sì jinná. Ìgbà tí wọ́n fi máa gbé e dé ọsibítù, ìka ẹsẹ̀ méjì ti dúdú. Dókítà ní kí àwọn gé ìka méjèèjì kíá, torí bó bá fi ju ọjọ́ márùn-ún lọ, á gun ẹsẹ̀, bó bá gun ẹsẹ̀, ẹ̀mí gan-an ló kù. Gbogbo ohun tí wọ́n ń dúró dè ni kí bàbá tẹ àtàǹpàkò sórí fọ́ọ̀mù.

Káfíńtà ní òun ò tẹ nǹkan kan.

Kì í ṣe alágídí lásán. Ogójì ọdún tó fi dúró ti ẹ̀rọ tó ń la pákó ti ba etí rẹ̀ jẹ́, kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́. Ẹnì kan ṣoṣo tí ohùn rẹ̀ máa ń wọ etí rẹ̀ dáadáa ni ìyàwó rẹ̀, nítorí pé ìyá náà ti ń pariwo bá a sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, wọ́n ti sọ fún àbúrò rẹ̀ nígbà kan rí pé ìka ni àwọn fẹ́ gé, nígbà tó jí, ẹsẹ̀ ò sí mọ́. "Ẹ pe ìyàwó mi wá," ló ń tẹnu mọ́. "Bó bá ní kí n tẹ̀ ẹ́, màá tẹ̀ ẹ́."

Ìyàwó rẹ̀ sì wà ní géètì. Ibẹ̀ ló wà láti ọjọ́ mẹ́rin. Lẹ́ẹ̀kìíní tó wọ yàrá ìdánwò, ó wo ìrọ̀rí tí wọ́n bo aṣọ lé láyà, ẹ̀rín pa á títí ó fi di ògiri mú. Wọ́n fún un ní òdo. Lẹ́ẹ̀kejì, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó kí ìrọ̀rí dáadáa, ó ku díẹ̀ kó yege, ló bá yíjú sí àwọn olùdánwò. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ ọkọ mi ńkọ́?" Òfin kẹtàdínlógún. Òdo.

Nọ́ọ̀sì àgbà ò lè gbà á mọ́ra. Ó lọ bá Baba Òfin ní ọ́fíìsì.

"Sà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ìyá yẹn wọlé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọkọ rẹ̀ ò fẹ́ tẹ fọ́ọ̀mù láìrí i, ẹsẹ̀ yẹn ò sì lè dúró."

Baba Òfin yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi sójú. Ó ti ń wúkọ́ láti àárọ̀, ikọ́ gbígbẹ tó ń mì í látinú. "Nọ́ọ̀sì," ó ní, "ẹsẹ̀ ń lọ, ẹsẹ̀ ń bọ̀. Òfin ló ń dúró."

"Haa!" akọ̀wé kígbe, ó ti ń wá bírò. "Ẹsẹ̀ ń lọ, ẹsẹ̀ ń bọ̀! Sà, ẹ jẹ́ ká fi ṣe òfin kejìlélógójì."

"Sà, ẹsẹ̀ tí wọ́n bá gé kì í padà bọ̀," ni nọ́ọ̀sì wí.

Ọ̀gá tún wúkọ́. Akọ̀wé tẹ etí lélẹ̀, ó mi orí. "Ẹ gbọ́ bí ikọ́ yẹn ṣe jinlẹ̀," ó ní. "Ikọ́ ẹni tó kàwé."

Ohun tó jẹ ọ̀gá lógún lọ́jọ́ yẹn kì í ṣe ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Alága ìgbìmọ̀ tó ń darí ọsibítù ń bọ̀ lọ́la láti wá wo bí ètò ìbẹ̀wò ṣe ń lọ, wọ́n sì ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé bó bá dára, wọ́n á fi Baba Òfin jẹ ọ̀gá gbogbo ọsibítù. Ìṣòro kan ṣoṣo ló wà: nínú bẹ́ẹ̀dì mẹ́rìnlélógún tó wà ní wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin, kò sí ẹyọ kan tí àlejò wà nídìí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń yege.

Èèyàn bíi tiyín bíi tèmi á sọ pé kí wọ́n ṣí géètì. Ìdí nìyí tí èmi àti ẹ̀yin kì í fi í ṣe ọ̀gá. Baba Òfin ronú lọ, ó ronú bọ̀, ó ní kí wọ́n kó òṣìṣẹ́ mẹ́rìnlélógún jáde láti ọ́fíìsì àwọn tó ń to fáìlì, kí wọ́n kọ́ wọn ní òfin mọ́kànlélógójì mọ́jú, kí wọ́n sì fi ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ ẹbí aláìsàn kọ̀ọ̀kan. Ó pè wọ́n ní Àlejò Àwòkọ́ṣe. Ní ti àwọn ẹbí gangan, ó ní kí wọ́n kó wọn lọ sẹ́yìn ilé, níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí, kí ojú alága má rí wọn.

Ọjọ́ kejì pé. Àwọn olórí ẹ̀ka tò sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n wọ kóòtù, akọ̀wé gbé ìwé dání lórí àtẹ̀wọ́ méjèèjì bí ẹni tó gbé ọmọ tuntun. Alága dé, òun nìkan, nínú mọ́tò kékeré. Ìyá tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ tíṣà ni, báàgì rẹ̀ ò tóbi ju kí ó gba ìwé kan lọ. Ó kọjá lára gbogbo ìkíni, ó lọ sídìí ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọ́ọ̀dù.

"Ọṣẹ dà?"

Àwọn olórí ẹ̀ka wo ara wọn. Ẹnì kan ṣí ìwé òfin, ó ń wá a nínú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà ló wá sáré gbé ọṣẹ dé. Alága fọ ọwọ́, ó yíjú padà, ó ń dúró kí àwọn yòókù fọ tiwọn. Gbogbo wọn ti kó ọwọ́ sẹ́yìn, bí òfin kẹfà ṣe wí.

Baba Òfin wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láàrin wọ́ọ̀dù. "Alága wa, ìyá wa, orísun ìmọ́lẹ̀, ẹ wo yíká! Ṣé aláìsàn lẹ rí yìí ni, àbí ẹni tí ìbẹ̀wò ti sọ di..." Ikọ́ gbé ìyókù lọ. Ó tẹ̀ síwájú, ó wúkọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì ọ̀tún, ó wúkọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì òsì, kò fi ọwọ́ bo ẹnu, nítorí ọwọ́ gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn. Àwọn olórí ẹ̀ka pàtẹ́wọ́ fún ikọ́ náà.

Alága ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ń lọ láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì. Ìdí káfíńtà ló ti dúró. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ọ́fíìsì fáìlì jókòó tì í, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ pẹ̀lẹ́. Kí ni bàbá yìí jẹ́ sí yín?"

"Bàbá mi ni, mà."

"Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin wo òkè, ó wo ilẹ̀. Ìbéèrè yẹn ò sí nínú ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Ó bá tún rẹ́rìn-ín, ó ka ẹ̀rín náà sí ti ìdajì ìbẹ̀wò.

Káfíńtà rí i pé ẹnu wọn ń lọ. Ó fi ohùn adití pariwo, gbogbo wọ́ọ̀dù gbọ́. "Ẹ bá mi bi eléyìí o! Láti àárọ̀ ló ti ń yọ eyín sí mi! Ó ní ọmọ mi lòun! Obìnrin mẹ́ta ni mo bí, ọjọ́ wo ni mo bí eléyìí? Ìyàwó mi ni mo ní kí ẹ pè!"

Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún o, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Eléyìí ò tilẹ̀ lo ogún wákàtí. Ariwo káfíńtà gba ojú fèrèsé jáde, ó dé ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí, ohùn kan sì dáhùn láti ìta.

"Bàbá àwọn ọmọ! Èmi nìyí o!"

Bàbá náà gbé orí sókè lórí ìrọ̀rí. Ọjọ́ karùn-ún nìyẹn tí ọ̀rọ̀ kan ti wọ etí rẹ̀ dáadáa gbẹ̀yìn.

"Ibo lo wà?"

"Ìdí fèrèsé! Wọn ò jẹ́ kí n wọlé!"

"Ẹ ti fèrèsé yẹn!" ni Baba Òfin kígbe. "Ó lòdì sí òfin! Òfin ẹlẹ́ẹ̀kẹ... ẹlẹ́ẹ̀kọ..." Kò rántí. Akọ̀wé ń ṣí ìwé wéréwéré, òun náà ò rí i.

"Ẹ dákẹ́ ná," ni alága wí. Ohùn tó fi dá kíláàsì dúró fún ọdún mẹ́rìndínlógójì ló lò, ọ̀gá sì pa ẹnu dé.

"Wọ́n fẹ́ gé mi lẹ́sẹ̀!" ni káfíńtà ń sọ fún fèrèsé, omi ti lé sí i lójú. "Bí wọ́n ṣe gé ti àbúrò mi!"

"Ìka méjì ni! Mo dá dókítà dúró ní géètì, mo bi í lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo wò ó lójú! Ìka méjì péré! Bí o ò bá jẹ́ kí wọ́n gé e, wàá kú, ìwọ ọkùnrin yìí! Ṣé o fẹ́ fi mí sílẹ̀ ni?"

Káfíńtà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Ṣé wàá wà níbẹ̀ tí mo bá jí?"

"Níbo ni mo tún fẹ́ lọ?"

Káfíńtà na àtàǹpàkò. "Ẹ gbé fọ́ọ̀mù yín wá."

Alága yíjú sí Baba Òfin. "Ta ni obìnrin yẹn?"

"Kò yege ni, mà. Ó fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì."

"Nínú kí ni?"

"Nínú... ìbẹ̀wò, mà."

"Èmi ti ṣe ìdánwò fún ọmọ tó pọ̀," ni alága wí. "Mi ò tíì rí ìyàwó tó fìdí rẹmi nínú ọkọ rẹ̀." Ó wá gbé ohùn sókè. "Gbogbo ẹ̀yin àlejò, ẹ dìde. Ẹni tó bá mọ orúkọ aláìsàn tó wà níwájú rẹ̀, kó jókòó padà."

Wọ́n dìde. Kò sẹ́ni tó jókòó. Ọ̀kan nínú wọn, tó wà lẹ́bàá ògiri, na ọwọ́ sókè. "Ẹ dákun, mà, mi ò mọ orúkọ wọn, ṣùgbọ́n mo ti ń fẹ́ràn bàbá yìí díẹ̀díẹ̀." Wọ́n ní kó máa lọ sídìí fáìlì rẹ̀.

Akọ̀wé ti kúrò lẹ́yìn ọ̀gá rẹ̀, ó ti wà lẹ́yìn alága, mi ò mọ ìgbà tó débẹ̀. "Mo ti sọ fún wọn, mà," ó ń sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Mo ní ọṣẹ dà?"

Wọ́n ṣí ẹ̀yìn ilé. Àwọn ẹbí fọ ọwọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n wọlé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti gé ìka méjì káfíńtà, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Baba Òfin. Ẹni tí wọ́n ní kó pa oyè rẹ̀ rẹ́ lára ilẹ̀kùn àti ògiri fi odindi ọjọ́ kan ṣe é. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ǹ bá dá ìtàn yìí dúró síbí, kí n fi òwe yẹn tì í, kí inú gbogbo wa dùn.

Ṣùgbọ́n ikọ́ yẹn kì í ṣe ikọ́ ẹni tó kàwé. Ó ti wọ ẹ̀dọ̀fóró. Aláìsàn mẹ́ta ló kó o ní wọ́ọ̀dù yẹn, ọ̀kan nínú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i gbé. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé Baba Òfin fúnra rẹ̀ wá, wọ́n tẹ́ ẹ sí yàrá kékeré tó wà lópin ọ̀nà. Inú bí mi sí ọkùnrin yìí, mi ò sì ní í purọ́ pé kò bí mi. Ṣùgbọ́n ẹ wá wo àga tó wà nídìí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀: ọjọ́ kìíní, kò sẹ́ni tó jókòó lé e. Ọjọ́ kejì, kò sẹ́ni. Àwọn olórí ẹ̀ka ní iṣẹ́ pọ̀. Akọ̀wé ń kọ ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀ fún ọ̀gá tuntun.

Lọ́jọ́ kẹta, ìyàwó káfíńtà wọlé. Ó ti fọ ọwọ́, ó so aṣọ mọ́ imú àti ẹnu bí nọ́ọ̀sì ṣe ní kó ṣe. Ó fa àga sẹ́yìn díẹ̀, ó jókòó.

"Ẹ kú ìnira, sà."

Ọkùnrin náà ṣí ojú. Ó gbìyànjú láti gbé ohùn àtijọ́ jáde. "Ní ipò mi gẹ́gẹ́ bí..." Èémí tán. Ó sinmi.

"Ta ló rán yín wá?" ó béèrè níkẹyìn.

"Kò sẹ́ni tó rán mi. Mo máa ń kọjá níbí lọ sọ́dọ̀ ọkọ mi, mo rí i pé àga yín ṣófo." Ó tún aṣọ ẹnu rẹ̀ so. "Ẹ má bínú, mò ń bínú sí yín o. Bí ọkùnrin yẹn bá kú ni, ẹ ò lè rí mi níbí. Ṣùgbọ́n ẹ ti ṣàìsàn báyìí, kí ara yín kọ́kọ́ yá."

Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan. Ìyá náà dìde, kò fẹ́ pẹ́ jù. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kí ọkùnrin náà tó sọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti wọ ọsibítù yẹn.

"Bàbá ńkọ́?"

Ìyàwó káfíńtà yíjú padà. "Wọ́n wà, sà. Wọ́n ti ń fi igi rìn. Wọ́n ní kí n kí yín."

Irọ́ ni. Ohun tí káfíńtà sọ nípa ọkùnrin yẹn, mi ò lè kọ ọ́ síbí, torí àwọn ọmọdé lè kà á. Ṣùgbọ́n Baba Òfin gbà á gbọ́, ó mi orí, ó yíjú sí ògiri, ó sì sùn.